Ìdí Tí Lékeléke Fi Ń Ká Ọrùn Bó Bá Ń Fò

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹyẹ ṣì ń fi koríko bẹẹrẹ bo ilé bí ènìyàn, ọrùn Lékeléke gún gbọọrọ bí ọ̀pá. Bó bá ń fò, á nà án síwájú. Bó bá sì kan ká ru ẹrù, òun ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Wọ́n ní òfin kan: ẹni tó bá ru ẹrù dé kì í dá a sọ̀. Á dúró kí ẹlòmíràn wá bá a gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣe ọ̀wẹ̀ ilé Àkàlà. Lékeléke ru ìdì bẹẹrẹ ńlá kan dé.

"Ẹ̀gbọ́n Àkàlà, ẹ wá bá mi sọ̀ o."

"Mò ń bọ̀, àbúrò." Àádùn ló wà lẹ́nu Àkàlà, kò sì dìde.

Lékeléke dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Bó ṣe yíjú láti wò ó bóyá ó ti ń bọ̀, ẹrù náà yẹ̀, ó sì lọ́ ọ lọ́rùn.

Kò sí egbò, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora gba inú iṣan ọrùn lọ sí apá, ó ń ta á bí agbọ́n. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò lọ. Bó bá na ọrùn láti mú tata fún ọmọ rẹ̀, omi á bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà ń rù.

"Ọ̀lẹ ló ń ṣe é," ni Àkàlà wí. "Ta ló rí ọgbẹ́ níbẹ̀? Ẹni tí kò bá wá sí ọ̀wẹ̀ kò ní bá wa jẹun mọ́."

Gbogbo wọn gbà. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, ẹyẹ kì í sì í wọ bàtà. Ọ̀rọ̀ Àkàlà yẹn dun Lékeléke ju ọrùn lọ.

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó rìn lọ sí pápá. Màlúù rí i.

"Ìyá Lékeléke, kí ló dé tí ẹ ń rìn báyìí?"

"Ọrùn ni. Kò sì sí ohun tí mo lè fi hàn yín."

"Mi ò ní kí ẹ fi nǹkan kan hàn mí. Eégbọn ń jẹ mí níbi tí ìrù mi ò dé, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ rí. Ẹ ká ọrùn yín bó ṣe máa tù yín. Èmi á rọra máa rìn, tata á máa ta jáde níwájú yín."

Lékeléke sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi náà á máa bá yín ṣa eégbọn yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni lékeléke ti ń ká ọrùn mọ́ àyà bó bá ń fò, tó sì ń bá màlúù rìn ní pápá. Ọrùn náà kò tíì sàn títí dòní, ṣùgbọ́n ebi kò pa ọmọ rẹ̀ mọ́.