Ojú Ológbò Ìbídùn

Ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ojú Ìbídùn tóbi rogodo, ó sì dára, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdána rẹ̀, ojú ológbò ló ń wù ú.

“Fi tìróò fa ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ jáde díẹ̀, ó ti tó,” ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wí.

“Tìróò ará oko!” Ìbídùn yínmú. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ ìpéǹpéjú sókè, ó tún to irun àtọwọ́dá lé e.

Nígbà tí wọ́n ní kó fi fìlà dé ọkọ rẹ̀ lórí, gọ́ọ̀mù ti fa ojú pọ̀, bàìbàì ló ń ríran. Ó kúnlẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó dé fìlà fún bàbá ọkọ.

Ìyá ọkọ ló dìde: “Ìyàwó wa, ọkọ tèmi nìyẹn! Ológbò táwa mọ̀ kì í ṣi eku mú.”