Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Moróunkéjì
Láyé ìgbà tí ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń yan bí gómìnà, ọba wa rí kẹ̀kẹ́ tí olóògbé ọkọ Moróunkéjì fi gbé e níyàwó, ó wọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀dà ti bó, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára ti parẹ́. Ọba ní kí wọ́n gbé e wá sí ààfin níwájú àwọn ìjòyè, ó ní: "Opó, sọ irú kẹ̀kẹ́ tó jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó di ti ààfin." Moróunkéjì kúnlẹ̀, ó fi òrùka kan irin rẹ̀, ó dún gooro. "Kábíyèsí, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, kẹ̀kẹ́ eré ìje ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò yìí, ẹni tó bá máa gùn ún, àfi kó dọ̀bálẹ̀. Ẹ gùn ún ká wò ó." Gbogbo ìjòyè bá ń wo àjà. Kábíyèsí wúkọ́. "Gbé e kúrò níwájú mi! Kẹ̀kẹ́ tí kò mọ ọba!"