Bi Epo Léèrè Kí O Tó Ra Rọ́bà

Bí o bá dé Ìgbó-Ọ̀pẹ, tí o ní o fẹ́ fi ọmọ fún ọkọ, tàbí o fẹ́ gba alágbàṣe, àgbà kan á wí fún ọ pé, "Bi epo léèrè kí o tó ra rọ́bà." Àlejò á máa wò bọ̀ọ̀. Ṣé epo lẹ́nu ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ó ṣojú mi.

Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ àwa tí à ń fún epo, tó ń fa epo gbígbóná láti inú ìkòkò ńlá lọ sínú àgbá. Irin kan ń yí nínú rẹ̀, rọ́bà róbótó kan sì dì mọ́ irin náà lọ́rùn kí epo má baà jò. Rọ́bà yẹn ló bàjẹ́, nígbà tí ẹyìn gbogbo abúlé ti wà nílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Ẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi lè lo ọjọ́ márùn-ún sí i nílẹ̀, iṣẹ́ ọdún kan ṣòfò nìyẹn.

A ránṣẹ́ pe Láníyọnu, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe nílùú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Ó wọn irin, ó wọn ihò, ó mú rọ́bà ẹ̀rọ omi kan jáde látinú àpò rẹ̀, ó ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń lo rọ́bà yìí. Kì í jò." Lóòótọ́, ó bá a mu rẹ́gí. Kò pé wákàtí mẹ́ta, epo tún ń tú jáde. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jò.

Dúróoríkẹ́, opó tó ń dáná epo fún wa, mú rọ́bà tí Láníyọnu ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti wú bíi gàrí tó mumi yó.

"Ọ̀gá, inú omi lẹ ti mọ rọ́bà yìí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká bi epo."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́.

 Dúróoríkẹ́ gé díẹ̀ lára oríṣi rọ́bà mẹ́ta tó wà nínú àpò Láníyọnu: ti ẹ̀rọ omi, ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àti pupa rúsúrúsú kan tí ọkùnrin náà kò lò rí. Ó fi èédú ya bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó sára pákó, ó wá kó wọn sínú epo gbígbóná fún ọjọ́ méjì gbáko. Ẹ mọ ohun tí ọjọ́ méjì jẹ́ nígbà tí ẹyìn ń rà lójú ẹni? Àwọn obìnrin bú u, wọ́n ní ó fẹ́ febi pa ọmọ àwọn. Ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀ kò yọ wọ́n ṣáájú àkókò.

Nígbà tó yọ wọ́n, ti omi ti wú kọjá ilà èédú. Ti ọkọ̀ kò wú, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ sí méjì. Pupa rúsúrúsú wọ inú ilà rẹ̀ gẹ́ẹ́, ó sì ṣì rọ̀ lọ́wọ́.

"Epo ti fèsì," ni Dúróoríkẹ́ wí.

Láníyọnu mú irú rẹ̀ látinú àpò, ó fi sí ẹ̀rọ. Kò jò, ẹ̀kán kan báyìí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ karùn-ún, a ti fún gbogbo ẹyìn tán. Ọkùnrin gìrìwò yẹn dọ̀bálẹ̀ fún opó náà lórí ilẹ̀ tí epo ti rin.

"Ìyá mi," ó ní, "ogún ọdún ni mo fi ń wọn ihò. N kò béèrè rí pé kí ló ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ohun tí àwọn àgbà ń wí nìyẹn. Bó o bá wọn nǹkan, tó sì bá ibẹ̀ mu rẹ́gí, ó ṣì ku ohun tí yóò máa bá gbé. Bi epo léèrè kí o tó ra rọ́bà.