Ọ̀kẹ́rẹ́ Ta Ṣẹ́ẹ̀sì fún Ìlú Ìgalà

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.

Ààlọ̀, ẹ pa á ká gbọ́.

Àlọ́ mi fò títí, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀gá nínú títa ṣẹ́ẹ̀sì, eré orí pátákó tí wọ́n ń ta bí ayò. Nígbà tí ìdíje ń bọ̀, ó bẹ Erin, ọba ìlú rẹ̀, pé kí ìlú ran òun lọ́wọ́. Erin ní kó padà wá. Ó padà lọ, Erin ní eré ọmọdé ni. Ó tún lọ, wọ́n ní Kábíyèsí ń sùn. Irú kí rèé?

Ọ̀rọ̀ sú Ọ̀kẹ́rẹ́, ó kó lọ sí ìlú Ọba Ìgalà. Wọ́n fún un ní ilé àti olùkọ́, ó sì gba ife ẹ̀yẹ fún wọn.

Erin sáré dé. "Ọmọ wa, gbé ife bọ̀ wálé."

"Kábíyèsí, ìlú tó tọ́jú mi ni mo ta ṣẹ́ẹ̀sì fún."

Ẹ̀yin ọmọ, ìlú tó bá kọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa pàtẹ́wọ́ fún.