Ilé Tí Ìwé Rẹ̀ Mọ́

Ọkùnrin kan wà tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Páàtì mọ́tò ló ń tà, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, nítorí ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ ju ojúlówó lọ. Bí wọ́n bá gbé irin wá bá a, yóò fi èékánná ha á, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò gbá a mọ́ irin mìíràn kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Bí ẹni tó gbé e wá bá ní ó ti le jù, yóò dáhùn pé, "Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn." Ìyàwó rẹ̀ gan-an kò lè ní òun ń lọ sọ́jà kó má bi í pé ọjà wo.

Ọkùnrin yìí ní ìyá. Òun nìkan ni kò fura sí láyé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá náà háyà yàrá sí, orúnkún rẹ̀ kò sì gbé àtẹ̀gùn mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́yìn. Ojú fèrèsé ló ti ń kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá lọ. Ọmọ náà wá pinnu pé òun yóò ra ilé ilẹ̀ kan, níbi tí ìyá òun yóò ti máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde síta títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Gbogbo ohun tó ti kó jọ nídìí páàtì, ilé náà ló fẹ́ fi rà.

Wọ́n júwe ilé kan fún un lẹ́yìn ìlú. Bàbá olóhùn pẹ̀lẹ́ kan ló ń tà á, ó ní òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun. Ilé náà funfun báláú, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Yàrá kan wà lẹ́yìn tí atẹ́gùn ń wọ̀ dáadáa. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì tuntun, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ojú ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti fojú inú rí ìyá rẹ̀ nínú yàrá náà. Òun tó máa ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé irin tí wọ́n bá sáré kùn lọ́dà ní ohun tó ń bò, ọ̀dà tilé yìí wù ú.

Ó mú ìyá wá wò ó. Ìyá jókòó sórí àga, ó tẹjú mọ́ ògiri, ó wá ní, "Àkànmú, aláǹgbá kan sá wọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, kò sì jáde."

"Màmá, ilé wo ni kò sí aláǹgbá?"

"Kò jáde ni mo wí."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Aláǹgbá kọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnìkan má wá gba ilé náà lọ́wọ́ òun lẹ́yìn tí òun bá sanwó tán. Ó ti gbọ́ nípa ẹni tó ra ilé lónìí tí mọ̀lẹ́bí onílé lé e jáde lọ́dún kejì. Ó wá dìde sí ìwádìí. Ó lọ sọ́dọ̀ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ó bi àwọn aládùúgbò bóyá bàbá náà jẹ gbèsè, bóyá ó ní ìyàwó kan níbì kan tí ọmọ rẹ̀ lè ṣàdédé yọjú. Kò bi ẹnikẹ́ni níbi tí àgbàrá ń gbà bí òjò bá rọ̀.

Lọ́yà rẹ̀ yẹ ìwé náà wò, ó ní ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Síbẹ̀ ọkàn ọkùnrin yìí kò balẹ̀. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo bá ti sanwó, ó parí títí ayé. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. Bàbá yìí lè rí ẹni tó máa fowó lé e lọ́la."

Lọ́yà kọ ọ́. Ó wá ní, "Ó ku nǹkan kan, ọ̀gá. Ìwé la yẹ̀ wò, a ò tíì yẹ ilé wò. Mo mọ ẹnjiníà kan."

Etí ọkùnrin yìí dìde. Ta ló bi í léèrè ẹnjiníà? Lójú tirẹ̀, wọ́n ti fẹ́ máa pín òun jẹ nìyẹn. Ó gbà kí ẹnjiníà náà wá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè.

Obìnrin ni ẹnjiníà náà, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó yí ilé ká, ó wolẹ̀ ju bó ti wòkè lọ. Nígbà tó dé yàrá ẹ̀yìn, ó fi ìka kan ògiri, ó sì fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ká sún kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Mo fẹ́ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ díẹ̀ wò. Ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀ ná, kí n padà wá."

"Kí n má tíì sanwó?"

"Ẹ má tíì san án, sà."

Bàbá olóhùn pẹ̀lẹ́ fa ọkùnrin yìí sẹ́yìn lẹ́nu géètì. "Ọmọ mi, n kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Àmọ́ ẹni tó ní kó o má tíì ra nǹkan, ṣé kò ní ẹni tó fẹ́ rà á fún?"

Bàbá yẹn gbọ́n. Kò bẹ ọkùnrin yìí pé kó fọkàn tán òun. Ẹlòmíràn ló fi hàn án kó máa fura sí.

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ọkùnrin yìí sọ fún ẹnjiníà pé ó ṣeun, pé òun ò nílò rẹ̀ mọ́. Obìnrin náà tún wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kúnlẹ̀ kí ìyá tí ọmọ tún mú wá lọ́jọ́ náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ọkùnrin yìí sanwó tán.

Ìyá kó wọlé. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí òjò dé, ilẹ̀ yàrá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìyá ní ó ń rùn. Ọmọ ní sìmẹ́ǹtì tuntun ni. Kò pẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù ń fi ògiri sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin yìí sì fura lóòótọ́: ó fura pé káfíńtà ló jí lára ìṣó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀, ìyá sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹsẹ̀ lélẹ̀, ilẹ̀ sì gbé ẹsẹ̀ náà mì. Ṣalanga àtijọ́ ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Pàǹtí ni wọ́n kó dí i, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́ bò ó. Ògiri tí kọ́bọ́ọ̀dù bò ti là gbàrà, apá ènìyàn lè wọ ibẹ̀. Àwọn aládùúgbò yọ ìyá láàyè, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ ti ṣẹ́. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn lọmọ ṣe ra ilé o. Láti ọjọ́ náà, gbígbé ni wọ́n ń gbé e. Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ó ń dùn mí.

Ọkùnrin yìí sáré tọ lọ́yà lọ, ó ní kó bá òun gba owó òun. Lọ́yà ka ohun tí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kọ fún un: ó parí títí ayé, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. "A lè pe bàbá náà lẹ́jọ́ pé ó fi nǹkan pa mọ́, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi wá pé ta ló lé ẹni tó fẹ́ wò ó."

Ó gbìyànjú láti tà á. Gbogbo ẹni tó wá wò ó ló mú ẹnjiníà tirẹ̀ dání, kò sì sí ẹni tó padà wá. Ilé náà ṣì jẹ́ tirẹ̀ dòní. Mọ̀lẹ́bí kankan ò bá a du ú.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, mo ti rí ìwé ilé tí o fẹ́ rà. Ó dára. O tú ìdí ẹni tó ń tà á dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, mo sì kí ọ. Ṣùgbọ́n òjò kì í kàwé. Wá ẹni tó mọ̀ nípa ilé, kó má jẹ́ pé ẹni tó ń tà á ló bá ọ wá a. Jẹ́ kó gun àjà, jẹ́ kó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kó sì sún gbogbo ohun tó fara ti ògiri. Bó bá ní kí o dúró díẹ̀, má bi í pé ta ló rán an. Bi í pé kí ló rí. O ní ọ̀la lo fẹ́ lọ sanwó, o sì ti yan yàrá tí àwọn ọmọ rẹ yóò máa sùn. Kí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá náà? Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, gbé owó rẹ jókòó sílé lọ́la.