Obìnrin Tó Yà fún Ọkọ̀ Ọkọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́sẹ̀ òkè, oníṣòwò kòkó ni. Òun ló kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nílùú náà, láyé ìgbà tí ọ̀nà ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa, tí tọmọdé tàgbà ń sáré jáde wá wòran bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ dúdú ńlá kan ni, irin ni wọ́n máa ń fi yí i níwájú kó tó dún.

Aláàánú ni ọkùnrin náà. Bí aboyún bá ń rọbí, òun ni wọ́n ń pè. Bí òkú bá wà ní ọsibítù, òun ni yóò lọ gbé e wálé. Ó gbé ìyàwó lọ sílé ọkọ, ó gbé ẹrù tíṣà tí wọ́n yí ibi iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó gbé àwọn àgbà ìjọ lọ sípàdé. Àwọn ará ìlú fún un lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ọkọ̀-gbogbo-wa. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kòtò ló kún ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn ń ro ó, eruku sọ ojú rẹ̀ di pupa. Bó bá délé, á jókòó, oorun á sì gbé e lọ kí oúnjẹ tó dé iwájú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà kò sinmi. Òun ló ń bu omi fún àwọn tó wá dúró de ọkọ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ìjókòó bí aboyún bá bímọ sójú ọ̀nà. Kì í ráhùn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin yìí láti ìlú bàbá rẹ̀ pé ara bàbá kò yá, pé orúkọ rẹ̀ ni bàbá ń pè ṣáá. Ìlú náà wà ní òdìkejì odò, ìrìn òwúrọ̀ di àṣálẹ́ ni fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

“Ìyá Morádékẹ́, jẹ́ kí n gbé aláìsàn tó wà nílẹ̀ yìí dé ọsibítù ná,” ni ọkọ wí. “Bí mo bá dé, a ó lọ.”

Ó gbé aláìsàn náà lọ, ó dé. Nígbà tó dé, ìyàwó kan ń lọ sílé ọkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kó wá gbé òkú. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó má lọ, ìkà ni aráyé yóò pè é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ṣòroó sọ fún obìnrin náà. Ó rán an létí lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Mo gbọ́,” ni ọkọ dáhùn. “Àbí o rò pé eré ni mo ń ṣe kiri?”

Kò tún rán an létí mọ́.

Ní Sátidé kan, àwọn ẹbí olóyè kan bẹ ọkùnrin náà pé kó gbé àwọn lọ kí àwọn àna àwọn tuntun ní ìlú kan tó kọjá ìlú bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó ti jáde nílé kí ìyàwó rẹ̀ tó ti odò dé. Àwọn tó lọ gbé kò tètè múra, ọ̀sán ti pọ́n gan-an kí wọ́n tó kó sínú ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá, ó rí obìnrin kan níwájú tó ru ẹrù, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ láàárín ọ̀nà. Ó fun fèrè. Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó yà sínú koríko, ó fi etí ìró bo imú nítorí eruku, ọkọ̀ sì kọjá. Ìgbà tí ọkùnrin náà gbójú sókè wo dígí kékeré tó fi ń rí ẹ̀yìn ló tó mọ̀ pé ìyàwó òun ni. Obìnrin náà ń nu ojú. Kò nawọ́, kò sì kígbe pè é.

Ọkùnrin náà dẹ ẹsẹ̀, ọkọ̀ ń rọra lọ.

“Ṣé kò sí o?” ni ẹnì kan béèrè lẹ́yìn. “Ọ̀gá, a ti pẹ́ o.”

Ọkọ̀ kún. Kò mọ ẹni tí òun ì bá ní kó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì tẹ̀ síwájú. Bó ti ń la ìlú àna rẹ̀ kọjá, ó fun fèrè lé àwọn ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ti já àwọn wọ̀nyí sílẹ̀, òun ó padà lọ gbé e.

Ó já wọn sílẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹun, kò jẹ. Ṣùgbọ́n táyà jò bó ti ń padà bọ̀. Ó tú u, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, òógùn bò ó. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó dé ilé àna rẹ̀, ẹkún ló sì gbọ́ láti ìta. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, eruku pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orókún. Kò tíì pẹ́ tó dé. Bàbá kò sì dúró dè é.

Àbúrò olóògbé, ìyá àgbà kan, ló bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Kò bínú, ó ti rẹ òun náà.

“Àna wa, bàbá gbọ́ fèrè ọkọ̀ yín lọ́sàn-án. Ó dá a mọ̀. Ó ní ká gbé òun jókòó, pé ọmọ òun dé. A gbé e jókòó. Ó wo ẹnu ọ̀nà títí ọrùn fi rọ̀ ọ́, la bá tún tẹ́ ẹ sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà fẹ́ sọ pé òun ń padà bọ̀ náà ni. Ó bọ́ fìlà, ó wọlé lọ bá ẹbí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé. Obìnrin náà ṣí ti ẹ̀yìn, ó wọlé, ó gbé ẹrù rẹ̀ lé itan. Wọ́n délé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ ṣeun,” ló wí. “Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà.”

Bí èrò tí kò mọni rí ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dun ọkùnrin náà wọ eegun.

Àwọn kan ti wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n kí i kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n ní òun làwọn ń dúró dè. Ó fara ti ọkọ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin náà ti gba ẹ̀yìn ilé lọ bu omi fún wọn.

Àbúrò mi, ìdí tí mo fi pa ìtàn yìí fún ọ nìyí: mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ọ́. Ìjọ ń pè ọ́, àdúgbò ń pè ọ́, o kò sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò ní kí o má ṣoore. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í kígbe pè ọ́, tó ń yà fún ọ nítorí ó mọ̀ pé o ń kánjú, òun ni kí o kọ́kọ́ dúró fún. Ìyàwó rẹ kò fẹjọ́ rẹ sùn mí o. Bó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o gbé àga fún un láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́, tí ara mi kò fi lélẹ̀. Àwọn tó ń dúró dè ọ́ níta yìí, èmi ni n ó dá wọn lóhùn. Ìwọ dìde, máa lọ sílé.