Igi Akòko Etí Ìsun

Ní ìlú Òkè-Àgànná, ẹgbẹ́ méjì ló wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú: Onífìlà Pupa àti Onífìlà Funfun. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yan ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ tí èrò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló ń pàṣẹ.

Bí Pupa bá wọlé, Àrínpé aláró a jó. Bí Funfun bá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, a tún jó. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí wọ́n kó ẹrẹ̀ tó dí ìsun omi àdúgbò rẹ̀, nítorí odò tó kù jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àṣà ìlú náà ni pé ẹni tó bá ṣèlérí iṣẹ́ kan yóò gbin ẹ̀ka akòko síbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ tó bá gbàjọba ló ń wá gbin tirẹ̀, akòko kì í sì í ṣòro hù. Nígbà tí agbára yóò fi yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹfà, igi mẹ́fà ti ṣíji bo etí ìsun. Ẹrẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

"Fìlà ni wọ́n ń pààrọ̀, orí kan náà ni," ni Àrínpé máa ń wí. Inú bí i títí, díẹ̀ ló kù kó gé àwọn igi náà.

Lọ́jọ́ kan, Fadérera ọmọ rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, yọ̀ ṣubú lọ́nà odò. Ìkòkò fọ́ yángá, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ ọ́, nǹkan kan kò ṣe oyún. Àrínpé kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ dúpẹ́. Nígbà tó dìde, ó fún ìró rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí ìsun. Ọkọ́ kò wọ àárín àpáta tí omi ti ń sun, ló bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ kó ẹrẹ̀.

"Ìyá, ẹ má pa ara yín o!" ni Ṣẹ́gilọlá aládùúgbò rẹ̀ ké. "Ṣebí àwọn Funfun ti ṣèlérí?"

"Wọ́n ṣe é, ọmọ mi. Abẹ́ òjìji ìlérí wọn náà ni mo wà yìí, ó sì tutù dáadáa."

Ṣẹ́gilọlá bú sẹ́rìn-ín, òun náà bọ́ sínú ẹrẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, obìnrin mẹ́jọ ti dara pọ̀ mọ́ wọn, àti ìyàwó àwọn Pupa àti ìyàwó àwọn Funfun. Lọ́jọ́ kẹta, omi tútù tú jáde sí àtẹ́lẹwọ́ Àrínpé. Ó mu ún, ó sunkún ayọ̀, ó dì mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ kò ní ṣe aláìrí aláàánú."

Omi yẹn ni wọ́n fi wẹ ọmọ tí Fadérera bí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Pupa tún gbàjọba, tí olórí wọn sì gbé ẹ̀ka akòko tirẹ̀ dé.

Àrínpé kúnlẹ̀ kí i. "A dúpẹ́, bàbá. Òjìji ti tó wa. Ẹ bu omi mu."

Kò sí igbá nítòsí. Bàbá náà gbé akòko sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi, ó mu ún. "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Àrínpé tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí aró ti pa dúdú. "Àwọn wọ̀nyí ni, bàbá. Wọn ò sì gbin akòko kankan."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.